Ọmọ Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Bọ́ọ̀lù ní Ìdèrè: Ta Ni Ọ̀gá Rẹ̀? Ìwé Àdéhùn Rẹ̀ Dà?

Bí ìyá kan ní Ìdèrè bá fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ kọ́ṣẹ́ télọ̀, kì í kàn jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kó ní kí ọmọ gbé àpò kó máa lọ. Yóò kọ́kọ́ wádìí ọ̀gá. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú iṣẹ́? Ṣé kì í lu ọmọ ọlọ́mọ ní ìlùkulù? Àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ńkọ́, ṣé wọ́n ń rí nǹkan jẹ nídìí ẹ̀? Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó jókòó. Wọn yóò dá ọdún, wọn yóò dá owó, ẹlẹ́rìí yóò fọwọ́ sí ìwé. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń gba fíríìdọ̀mù, ẹbí á pé, ọ̀gá á gbàdúrà, ọmọ á gba ìwé ẹ̀rí, gbogbo ayé á mọ̀ pé lágbájá ti di ọ̀gá ara rẹ̀.

Ẹ wá wo ọmọ yìí kan náà bó bá ní bọ́ọ̀lù ni òun fẹ́ gbá. Ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ilé baba rẹ̀ yóò kó fèrè sọ́rùn wọ̀lú, yóò ní, "Màámi, ọmọ yín mọ bọ́ọ̀lù o, ẹ wá owó fọ́ọ̀mù." Ìyá tó bi télọ̀ ní ìbéèrè mẹ́wàá kò ní bi kọ́ọ̀ṣì ní ẹyọ kan. Kò sí ọdún, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ìwé. Baba ọmọ á lọ fi ilẹ̀ dógò, ọmọ á fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó di ojú ọ̀nà Èkó. Ó ga o!

Iṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin ènìyàn. Iṣẹ́ tó bá sì jẹ́ iṣẹ́, ó ní ọ̀gá, ó ní iye ọdún, ó ní àdéhùn, ó sì ní ipele tí ọmọ ń gbà gòkè. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí kò bá ní ipele bẹ́ẹ̀ kì í kọ́ ọmọ níṣẹ́, ó kàn ń fi ọmọ ṣeré ni.

MẸKÁNÍÌKÌ KAN, ỌMỌ PÓLÌ KAN

Àwọn àgbà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí kò ní gbàgbé ọjọ́ 22 oṣù kẹta, ọdún 1980. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó kún dé ẹnu. Nàìjíríà na Algeria ní 3–0, ó sì gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹ̀kẹta. Góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ló gbá wọn: IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn.

Ẹ wo ibi tí àwọn méjèèjì ti wá. Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Pólì Ìbàdàn ni, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kọ́ níbẹ̀. Lawal ní tirẹ̀, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló wà nídìí ẹ̀ l'Abẹ́òkúta kí bọ́ọ̀lù tó gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan gba ọ̀nà ilé-ìwé wá, ọ̀kan gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wá, ẹgbẹ́ kan náà ló sì ní ilẹ̀kùn fún àwọn méjèèjì. Ẹgbẹ́ yìí náà ló ti na Tonnerre ti Yaoundé ní 1976, tó fi di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé. Lawal gbá bọ́ọ̀lù nínú Ife Ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún láti 1976 dé 1984 kó tó di pé ikú mú un lọ ní 1991.

Láyé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í pe nǹkan yìí ní orúkọ ńlá kankan, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Ilé-ìwé ń bá ilé-ìwé díje. Ilé-iṣẹ́ ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n gbá á rí iṣẹ́, á rí owó oṣù, bí bọ́ọ̀lù bá sì tán lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, nǹkan yí padà. Leventis United ti Ìbàdàn gba líìgì Nàìjíríà ní 1986, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín tú u ká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta náà di ìtàn. Ilé tí ẹnì kan ṣoṣo fi èjìká gbé dúró, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá yẹ̀ ni yóò wó. Bẹ́ẹ̀ ni àtẹ̀gùn tí àwọn ọmọ ń gùn ṣe ń ré lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TO ÀTẸ̀GÙN NÁÀ

Ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe a máa to ọmọ bí wọ́n ṣe ń to kíláàsì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, wọn kì í fi eré àṣedákú pa á. Kó mọ bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, kó mọ̀ ọ́n gbà, kó mọ̀ ọ́n fún ẹlòmíràn, ó tán. Láti 13 dé 15, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ipò rẹ̀ nínú pápá àti iṣẹ́ tí ipò náà ń béèrè. Láti 16, ara ti ń le, ìdíje gidi yóò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di 18 tàbí 19, wọn yóò máa tì í sí àárín àwọn àgbàlagbà díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀gá télọ̀ ṣe ń jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ lọ bọ́tìnnì, kó tó gé yẹ̀rì, kó tó wá gé aṣọ ìyàwó. Ta ni yóò fi léèsì oníbàárà dán ọmọ tó dé lánàá wò?

Ibi tí àtẹ̀gùn ti sábà máa ń ré ni ìpele tó kẹ́yìn yẹn. Ọmọ ti dàgbà ju ẹgbẹ́ ọmọdé lọ, kò sì tíì lágbára tó fún ẹgbẹ́ àgbà. Bí kò bá sí ibi tí yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù gidi fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, á kàn máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi dí.

Ẹ lọ wo Ìkẹ́nnẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn. Ìlú Awólọ́wọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ibẹ̀ ni Remo Stars, ẹgbẹ́ tí Kunle Soname ni, fìdí sí. Wọn ò kàn ń ra agbábọ́ọ̀lù lọ́jà lọ́dọọdún. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tiwọn tó ń jẹ́ Beyond Limits, wọ́n sì ti fi àwọn ọmọ náà gbá líìgì kejì Nàìjíríà, kí ọ̀dọ́ lè máa bá géńdé wọ̀yá ìjà kó tó dé òkè. Àwọn obìnrin náà ní ẹgbẹ́ tiwọn níbẹ̀. Ní 2025, Remo Stars gba ife líìgì àgbà Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan.

Ọdẹ́gbàmí fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Wásinmi, Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ìwé àti eré ìdárayá ti ń lọ pọ̀ nínú ọgbà kan náà. Ẹni tó fi ìwé sọ́wọ́ kan, tó fi bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ kejì, ló mọ ìdí tí ọwọ́ méjèèjì fi ṣe pàtàkì.

Ìdí náà kò sì ṣòro láti mọ̀. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú líìgì àgbà Nàìjíríà. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní agbábọ́ọ̀lù 35, àpapọ̀ wọn jẹ́ 700 péré, kí ẹ sì wo iye ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù láti Sókótó dé Calabar. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni kò ní dé òkè, bí wọ́n tilẹ̀ mọ̀ ọ́n gbá dáadáa. Kọ́ọ̀ṣì tó bá ní kí ọmọ fi ilé-ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, ọ̀tá ọmọ náà ni.

OWÓ Ọ̀GÁ Ń BẸ NÍBẸ̀

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí àti kọ́ọ̀ṣì abẹ́lé kò mọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mẹkáníìkì ṣe ń gba owó ìkọ́ṣẹ́, àjọ FIFA tó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé ti ṣe òfin pé ẹni tó tọ́ agbábọ́ọ̀lù dàgbà gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Bí ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè bá ra agbábọ́ọ̀lù kan nígbà tí ìwé àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún tó pé 12 títí dé ọdún tó pé 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15 ní ìpín tirẹ̀, ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 lọ sókè sì ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣírò rẹ̀ kó yé gbogbo ọlọ́jà. Bí wọ́n bá ra ọmọ kan ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà, ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ fún ọdún mẹ́rin, láti 12 dé 15, yóò gba mílíọ̀nù kan. Ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti 16 dé 18 yóò gba mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un rà lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni owó náà yóò máa wọlé. Owó kan tún wà tó yàtọ̀ sí èyí, tí wọ́n ń san nígbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ òkèèrè.

Victor Osimhen, ọmọ tó dàgbà ní Olúsosùn l'Ékòó, tó ti kiri omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Ultimate Strikers ló wà kó tó gbá góòlù 10 wọlé nínú Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Chile ní 2015. Nígbà tí Galatasaray ti ilẹ̀ Turkey rà á lọ́wọ́ Napoli ní 2025, mílíọ̀nù 75 owó Yúrò ni wọ́n dá lé e. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye bẹ́ẹ̀ jẹ́ 3,750,000 Yúrò, tí òfin ní kí gbogbo ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ, nílé àti lókèèrè, pín láàárín ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ o. Orí ìwé ni owó yìí ń gbà wá, kì í gba orí ẹnu. Láti oṣù kọkànlá 2022 ni FIFA ti ní ilé ìsanwó kan ní Paris tó ń ṣe ètò rẹ̀, ìwé ìtàn agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n sì ń wò: ẹgbẹ́ wo ló wà nígbà tó pé 12? Nígbà tó pé 13 ńkọ́? Bí ẹgbẹ́ tó wà kò bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ àti ti Nàìjíríà, tí kò sì forúkọ ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ohun tó máa kàn án. Kọ́ọ̀ṣì lè fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọmọ lórí pápá ilé-ìwé ní Ìdèrè, kó máa fi owó ara rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù, kí wọ́n wá ra ọmọ náà ní owó tó tó kọ́ ọsibítù, kí kọ́ọ̀ṣì má sì rí kọ́bọ̀. Ta ló jẹ̀bi? Ìwé tí kò sí ni.

WÀYÓ TÓ GBÒDE

Níbi tí ìwé kò bá sí, ibẹ̀ ni oníwàyó ń jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí wọ̀ yín létí.

Èkínní, òfin FIFA ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ré kọjá sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, àyàfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀, irú bí ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ bá kó lọ síbẹ̀ nítorí iṣẹ́ tiwọn tí kò kan bọ́ọ̀lù. Osimhen tí gbogbo ayé ti mọ̀ láti 2015, oṣù kìíní 2017 ló tó dara pọ̀ mọ́ Wolfsburg ní Jámánì, lẹ́yìn tó pé 18. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun yóò mú ọmọ ọdún 15 yín lọ gbá bọ́ọ̀lù l'Òyìnbó, tó ń gba owó pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ yín, ẹ tètè lé e. Ọmọ tí kò tíì pé 18 kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ bọ́ọ̀lù tó ju ọdún mẹ́ta lọ.

Èkejì, aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ FIFA. Ẹ ní kó mú un jáde. Bó bá ń bínú pé ẹ béèrè, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Àwọn kan á ní kí ọmọ ọdún 20 di ọmọ ọdún 15. Nàìjíríà ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Nígbà tí ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tó lọ sí Òlíḿpíìkì 1988 kò bá ti àtẹ̀yìnwá mu, FIFA lé Nàìjíríà sẹ́yìn fún ọdún méjì, Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 tí Nàìjíríà fẹ́ gbà lálejò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2009 wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo eegun ọrùn ọwọ́ àwọn tó ń lọ gbá ti àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọdún 17 lọ. Ìbàràpá sì mọ ìbejì ju gbogbo ayé lọ. Ẹ ò gbọ́ ọ rí ní Igbó-Òrà pé Táíwò jẹ́ ọmọ ọdún 15, kí Kẹ́hìndé rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 20. Ẹ gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ ní kékeré, kí ẹ sì fi í pamọ́.

SÒBÌÀ TI KỌ́ ÌDÈRÈ LỌ́GBỌ́N

Ẹlòmíràn á ní, "Ìdèrè kéré. Ta ni yóò wá wo ọmọ tiwa?" Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé ìtàn ìlú rẹ̀. Àwọn tí orí wọn ti ń funfun mọ sòbìà. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, inú omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí wọ́n ń mu ni aràn náà ń gbà wọ ara. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, yóò lu ẹsẹ̀ jáde. Àgbẹ̀ ò ní lè dé oko, ìyá ò ní lè dé ọjà, ọmọ ò ní lè dé ilé-ìwé, ká má tilẹ̀ wá sọ ti bọ́ọ̀lù. Ọmọ mélòó ló mọ bọ́ọ̀lù ní Ìdèrè láyé ìgbà náà tó jẹ́ pé sòbìà ló so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀?

Kò sí oògùn tó pa sòbìà nínú ara. Àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn tó fìdí sí Igbó-Òrà wá ṣe ìwádìí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ló ṣiṣẹ́ náà. Ìdèrè yan àwọn ènìyàn tirẹ̀, wọ́n kọ́ wọn, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn télọ̀ ìlú rán asẹ́ aláṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi. Ìlú mìíràn ń ṣe tirẹ̀, ìjọba ń gbẹ́ kànga, títí di ọdún 2008 tí wọ́n rí aláìsàn sòbìà tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé fún orílẹ̀-èdè yìí ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán.

Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. Ọgbọ́n tó gbà wọ́n náà ló lè gbé wọn gòkè. Kí ìlú má dúró de olówó kan tàbí olóṣèlú kan. Kí kọ́ọ̀ṣì abẹ́lé lọ forúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Káfíńtà lè kan òpó góòlù. Télọ̀ lè rán aṣọ. Àwọn ìyálọ́jà tó mọ ìwé àjọ ọ̀sẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú lè bá wọn tọ́jú ìwé orúkọ: ọmọ ta ni, ọjọ́ wo ni wọ́n bí i, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, kíláàsì wo ló wà. Ìwé kékeré yẹn lè di owó ńlá fún ìlú lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀rọ̀ náà kan Shooting Stars pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, kì í ṣe ti Adámásìngbà nìkan. Ọmọ Ìdèrè tó bá fẹ́ lọ fi ara rẹ̀ hàn gbọ́dọ̀ gba Igbó-Òrà, Lánlátẹ̀, Ẹ̀rúwà kọjá kó tó kan Ìbàdàn, owó ọkọ̀ á gbọ́n àpò ìyá rẹ̀ dànù, wọn á tún ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ló dé tí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kò lè máa wá sí Ìbàràpá méjèèje lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láìgba owó fọ́ọ̀mù, kí wọ́n bá àwọn tíṣà sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin? Ẹgbẹ́ tó rí Lawal láàárín àwọn mẹkáníìkì kò yẹ kó dúró sílé de ọmọ.

KÍ Ẹ TÓ FI ỌMỌ SÍLẸ̀

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ọmọ lé kọ́ọ̀ṣì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kankan lọ́wọ́, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí:

1. Ṣé ẹgbẹ́ yín forúkọ sílẹ̀? Ìwé rẹ̀ dà?
2. Ìpele wo ni ọmọ mi yóò bẹ̀rẹ̀, ìpele wo ló sì kàn?
3. Níbo ni àwọn tó ti kúrò lọ́dọ̀ yín wà báyìí?
4. Ìgbà wo ni ọmọ mi yóò máa lọ sí ilé-ìwé tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀?
5. Bó bá ṣèṣe lẹ́sẹ̀, ta ni yóò san owó ọsibítù?
6. Owó wo ni mo máa san, ṣé ẹ ó sì fún mi ní rìsíìtì?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ yín níṣẹ́ kò ní sá fún ìbéèrè mẹ́fà yìí. Ẹni tó bá sì ń wo aago tàbí tó ń sọ pé àsìkò ń lọ, ẹ fi ọwọ́ mú ọmọ yín, kí ẹ máa bọ̀ nílé. Pápá ilé-ìwé Ìdèrè kò ní sá lọ.

Ojú-ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ọ̀ṣì abẹ́lé, ẹ̀yin ìyá tí oníwàyó ti jẹ yín lówó rí, ẹ̀yin agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tó wà ní Ìbàràpá, ẹ kọ̀wé wá. Ẹ sọ èyí tí ojú yín rí, kí ẹlòmíràn lè ṣọ́ra.